Ìdáhùn Àárọ̀

Fẹ̀yìntọlá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn omi Ẹ̀yìn-Ògiri nígbà tí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà lóde, bẹ́ẹ̀ òun kan náà ló ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n náà láàárọ̀ pé òun kò ní tì í mọ́ta.

Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Ó ń fi omi fọ ẹnu nínú yàrá aṣọ́lẹ̀kùn tó wà lórí ògiri nígbà tó gbọ́ tí àjẹ̀ ń kan irin nísàlẹ̀. Kò, kò, kò. Kò nílò kó yọjú kó tó mọ ẹni tó ni ín. Àwọn apẹja yòókù a máa kan ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Akínmúrelé nìkan ló ń kàn án bí ẹni tó ń jí ọ̀lẹ.

"Fẹ̀yìn o! Ṣé o ṣì ń sùn ni? Wọ́n kúkú ń sanwó oorun fún yín lókè níbẹ̀ yẹn!"

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Mi ò sùn."

"Dá mi lóhùn kí n máa lọ. Ẹja ò ní dúró dè mí."

Òòlù ìdáhùn ń bẹ lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kí wọ́n tó gbé ògiri yìí dìde sí òkun, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì jẹ́ pákó, làwọn baba wọn ti ń ṣe é: apẹja tó ń jáde a kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, aṣọ́lẹ̀kùn a sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo mọ̀ pé o wà lóde, mi ò sì ní tì ọ́ mọ́ta. Bí aṣọ́lẹ̀kùn bá wo omi tí omi kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, òòlù á dákẹ́, ọkọ̀ á sì yí padà sílé láìsí ìjà. Nísinsìnyí tí ẹ̀rọ ló ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ náà pàápàá ní ìdáhùn. Alóre lorúkọ ẹ̀rọ ọ̀hún. Kò jẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀ tí òòlù bá ti dá lóhùn.

Fẹ̀yìntọlá wo ìsàlẹ̀. Akàn ń gun òpó. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Wọ́n ti gùn kọjá ibi tí ewédò máa ń dé, wọ́n ń gun orí ara wọn, bí ẹni pé iná ń bẹ nínú omi. Òórùn ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun sì ń fẹ́ wá, bẹ́ẹ̀ omi kò tíì yí. Ìyá wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ èyí fún àwọn méjèèjì: bí akàn bá ń kó kúrò nílé, ìwọ náà kó.

"Alóre," ó ní, "báwo lomi?"

Ohùn jáde lára ògiri, ohùn ẹni tí ebi ò pa rí. "Omi dára. Afẹ́fẹ́ kò le. Ẹ̀rọ ojú òkun kẹta tó ń ṣọ́ omi lókèèrè kò fèsì láti àná, àmọ́ méjì tó kù kò rí nǹkan."

Ẹ̀gbà ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Gbogbo ẹni tí ẹ̀mí àwọn èèyàn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nílùú náà ló ń wọ irú rẹ̀, dókítà ni o, awakọ̀ ni o. Bí nǹkan bá dá ẹni lójú, á tan àwọ̀ ewé. Bí èèyàn bá ń ṣiyèméjì, á pọ́n, gbogbo ayé á sì rí i.

Akínmúrelé rí i láti ìsàlẹ̀. "Ó tún ti pọ́n! Ọwọ́ rẹ yìí ì bá dára fún àtùpà."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo akàn."

"Mo rí wọn. Kí ni Alóre wí?"

"Ó ní omi dára."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ akàn ló yẹ kó jáde, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ìdánwò ló yọ sí i lọ́kàn. Ilé kan, aṣọ́lẹ̀kùn kan, bí òfin ṣe wí nìyẹn. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ wọlé ìdánwò lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mọ omi, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó dé ìdajì iṣẹ́, ó dìde, ó bọ́ ẹ̀gbà tí wọ́n fi dán an wò sórí tábìlì, ó sì jáde láìwẹ̀yìn. Fẹ̀yìntọlá yege. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó nínú yàrá gbígbẹ lórí àga tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ̀ǹda fún un, tí ẹ̀gbọ́n náà sì ń fi iyọ̀ òkun wẹ̀ níta ògiri. Wọn kò sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n olè ò ṣáà ní dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ní kí olóko má wọ oko.

"Mi ò mọ̀," ó ní.

Ó mú òòlù. Ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"O káre, ọmọ ìyá mi!" Akínmúrelé tan ẹ́ńjìnnì, ó fi tapólì ofeefee rẹ̀ bo iwájú ọkọ̀, ó sì lọ.

Nígbà tí oòrùn fi mú díẹ̀, Màmá Àṣàbí gun àkàbà wá. Òun ni olùgbọ́ rẹ̀. Aṣọ́lẹ̀kùn tí ẹ̀gbà rẹ̀ bá ń pọ́n lemọ́lemọ́ gbọ́dọ̀ máa jókòó pẹ̀lú olùgbọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Àpótí olóhùn kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún un. Àpótí náà a máa sọ fún un láràárọ̀ pé ó tó, pé ó yẹ, pé ìmọ́lẹ̀ ni. Ó fi gèlè bò ó. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dùn tó bẹ́ẹ̀, ó ní nǹkan tó fẹ́ tà. Ẹ̀gbà kò yé pọ́n, ni wọ́n bá fi Màmá Àṣàbí ránṣẹ́, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká.

"Ta ló kan àkàbà yìí?" Màmá ń mí hẹlẹ. "Onítọ̀hún ò ní orúnkún ni?"

"Ẹ kú àtigun, mà. Ẹ jókòó."

Màmá bọ́ bàtà, ó gba omi mu, ó nu ẹnu. "Ó yá. Níbo la bá a dé?"

"Ẹ ní kí n lọ ronú lórí ìdí tí mo fi ń pe ara mi ní ayédèrú."

"O ronú?"

"Mo ronú, mà. Ìdí ẹ̀ ni pé ayédèrú ni mí."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ó ṣáà dáa tó o ronú. Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ yọ̀ǹda àga fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́."

"Òun fúnra ẹ̀ sọ ọ́?"

"Rárá, mà."

"O bi í?"

Fẹ̀yìntọlá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Háà! O pe ara rẹ lẹ́jọ́, o dá ẹjọ́ náà, o dá ara rẹ lẹ́bi, o sì ti ń ṣẹ̀wọ̀n ẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wà, o ò pè é."

"Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo gbọ́. Gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sọ nǹkan kan tó o mọ̀ fún mi. Kì í ṣe ohun tó o rò o. Ohun tó o mọ̀."

"Mi ò mọ nǹkan kan, mà."

"O ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà?"

"Ta ni ò mọ ìyẹn?"

"Wo ọwọ́ rẹ."

Ó wò ó. Ẹ̀gbà ti ṣú. Kò pọ́n mọ́.

"Kí lo tún mọ̀?"

"Mo mọ bí ilẹ̀kùn ṣe máa ń dún tí iyọ̀ bá ti ń jẹ àgbékọ́ ẹ̀. Mo mọ ìgbà tí omi fẹ́ yí kí Alóre tó sọ ọ́. Mo lè pajú dé kí n mọ̀ ọ́n. Mo mọ ẹni tó ń wọlé látinú bó ṣe ń wa ọkọ̀."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi. Òun àti àga yìí. Ọdún tí mo ti lò lórí ẹ̀ ti pọ̀."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ló jókòó sórí ẹ̀ fún ọ ní gbogbo ọdún yẹn?"

Fẹ̀yìntọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Iná tíntín kan ti ń jí nínú ẹ̀gbà, kì í ṣe èyí tó pọ́n.

"Láàárọ̀ yìí ńkọ́?" Màmá ní. "Kí lo rí nínú omi?"

Ó sọ ti akàn. Ó sọ ti òórùn ẹrẹ̀. Ó sọ ti ojú òkun kẹta tó dákẹ́. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi "bóyá" kankan sí i.

"Bó bá jẹ́ pé aṣọ́lẹ̀kùn mìíràn ló rí gbogbo èyí, tó wá bi ọ́ pé kí lóun máa ṣe, kí lo máa wí fún un?"

"Màá ní kó má fọwọ́ kan òòlù."

Kò tilẹ̀ rò ó kó tó sọ ọ́. Ẹ̀gbà tàn yòò, àwọ̀ ewé kókò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Màmá Àṣàbí pàtẹ́wọ́, ó fò dìde láìrántí orúnkún. "O rí i? O rí i! Ọmọ yìí, ta ló wá ń jẹ́ ayédèrú?"

Inú ẹnikẹ́ni ì bá dùn. Ṣùgbọ́n ojú Fẹ̀yìntọlá ti dàbí ojú ẹni tí wọ́n kó eérú dà sí lára.

"Mo dáhùn, mà."

"O dáhùn kí ni?"

"Bọ̀ọ̀dá mi kan ilẹ̀kùn láàárọ̀. Mo rí akàn. Mo mọ̀. Mo mọ̀ nígbà yẹn bí mo ṣe mọ̀ nísinsìnyí. Mo sì fi òòlù dá a lóhùn."

Màmá rọra jókòó padà.

Ibi tí oògùn ọ̀rọ̀ Màmá ti burú nìyẹn. Títí di àárọ̀ náà, bí nǹkan bá bàjẹ́, Fẹ̀yìntọlá lè sọ pé òun ò mọ̀, òun kọ́ ni aṣọ́lẹ̀kùn gidi. Ayédèrú kì í jẹ̀bi. Ẹni tó mọ̀ ló ń jẹ̀bi.

Ó fò mọ́ fèrè, ó sì fọn ọ́n. Àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí gbọ́, wọ́n yí orí padà. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń bú u bí wọ́n ṣe ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. "Aṣọ́lẹ̀kùn ẹlẹ́rù! Akàn ló tún lé ọ ni?" Ojú rẹ̀ ń wo òkèèrè. Tapólì ofeefee ló ń wá. Akínmúrelé a máa jìnnà ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí ìdáhùn àbúrò rẹ̀.

Lẹ́yìn ògiri, ní Ìsàlẹ̀-Ọgbà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń ka ìwé sókè. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Ẹni tó bá dúró lórí ògiri, òrùlé wọn ló máa wò bí ẹni wo ọmọrí ìkòkò. Ẹ̀gbẹ́ kan ni òkun wà, ẹ̀gbẹ́ kejì ni òrùlé, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ sì wà láàárín.

Nígbà náà ni omi fà sẹ́yìn. Ó fà títí ìdí òpó fi yọ sí gbangba, tí ẹja kéékèèké ń ta pútúpútú nínú ẹrẹ̀. Lókèèrè, ìlà funfun kan yọ. Níwájú ìlà náà, nǹkan ofeefee kékeré kan ń bọ̀ nínú ìwọ̀nba omi tó kù láàárín ọ̀nà ọkọ̀.

"Mo ti rí i," Alóre wí. "Omi ńlá ń bọ̀."

"Ti ilẹ̀kùn."

"Mi ò lè tì í. Ọkọ̀ kan tí a dá lóhùn ṣì wà lóde."

"Ṣé ọkọ̀ yẹn á ṣáájú omi dé?"

"Wọ́n á jọ dé ni."

Ọwọ́ irin wà lára ògiri nínú àpótí gíláàsì. Ẹni tó bá fà á lè ti ilẹ̀kùn, ì báà wu Alóre, ì báà má wù ú. Ṣùgbọ́n àpótí náà kò ní ṣí àfi bí ẹ̀gbà bá tan àwọ̀ ewé. Láyé ìyá wọn, aṣọ́lẹ̀kùn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn apẹja níta nítorí ìpayà lásán, omi tó ń sá fún kò sì dé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ní ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò gbọdọ̀ kan irin yẹn mọ́.

Ó dúró níwájú àpótí. "Màmá, ẹ sọ fún mi."

"Mi ò ní sọ ọ́ fún ọ." Omi ti lé sójú ìyá àgbàlagbà náà. "Tí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo ṣe é. Ìwọ lo mọ omi, ọmọ mi."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Fẹ̀yìntọlá ń bẹ ẹ̀gbà pé kó pọ́n. Bó bá pọ́n, àpótí á wà ní títì, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi òun. Ó pe gbọ̀ngàn ìdánwò sọ́kàn. Ó pe àga. Ó pe gbogbo òru tó ti ń pe ara rẹ̀ lólè. Ó ń wá iyèméjì bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù nílé jíjó. Kò rí i. Àwọ̀ ewé ni ẹ̀gbà ń tàn, kò sì mì. Gíláàsì là.

Ó fa irin.

Ilẹ̀kùn ń kùn bó ṣe ń wọ́ bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sún mọ́ tòsí tó fi lè rí ojú rẹ̀, ó sì rí i nígbà tí ojú náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Etí irin méjèèjì pàdé. Ọkọ̀ náà gbá ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ló gbọ́ ọ.

Kò, kò, kò.

Òòlù wà lórí ìṣó. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára irin.

Akínmúrelé tún kàn án. Fẹ̀yìntọlá kò dáhùn.

Omi dé. Ògiri mì láti ìpìlẹ̀, ìgbì fò wọ fèrèsé, ó gbá òòlù bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọgbà. Wọ́n ti dákẹ́ ìwé kíkà, wọ́n ń bi tíṣà pé kí ló dún gbì.

Wọ́n rí Akínmúrelé nígbà tí omi fà, láàyè. Ọkọ̀ rẹ̀ ti fọ́, apá rẹ̀ kan sì há sáàárín igi ọkọ̀ àti irin ilẹ̀kùn.

Ní ilé ìwòsàn, olórí àdúgbò ti ṣáájú Fẹ̀yìntọlá dé. Ó dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ní akọni obìnrin ni, ó ní ìtàn kò ní gbàgbé rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Fẹ̀yìntọlá ń wo bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ títí ó fi parí, ó sì wọlé.

Aṣọ funfun ni wọ́n fi di apá náà, kò sì funfun mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kó má pẹ́, pé dókítà ń múra.

"Bọ̀ọ̀dá."

"Aṣọ́lẹ̀kùn."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Kí n wá máa pè ọ́ ní kí ni?" Ètè rẹ̀ ti gbẹ. "Nígbà tí mo kàn án, àwọ̀ wo ni ẹ̀gbà rẹ?"

"Àwọ̀ ewé."

"Kò yí rárá?"

Ì bá purọ́. "Kò yí."

Akínmúrelé gbójú sí àjà. "Ó dáa náà," ó ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò sọ bóyá lóòótọ́ ló dáa.

"Bọ̀ọ̀dá, ọjọ́ ìdánwò. Ẹ dìde kẹ́ ẹ tó parí. Ṣé torí tèmi ni?"

"Torí tìẹ báwo?"

"Kí n lè rí àga náà gbà."

Ó yí orí sí i, ó wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ìrora gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. "Fẹ̀yìn! Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀gbà tí wọ́n fi sí mi lọ́wọ́ pọ́n bí ata, gbogbo wọn ń wò mí. Ojú tì mí, mo sá. Mo ṣe bí o mọ̀. Gbogbo ọdún yìí, mo rò pé o kàn ń bò mí láṣìírí ni."

Fẹ̀yìntọlá di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

"Láàárọ̀," ó ní, "ká ní mo sọ pé kẹ́ ẹ má lọ."

"Ǹ bá yí padà. Ìwọ lo mọ omi jù mí lọ." Ó pajú dé. "Àbí Alóre ni mo wá kan ilẹ̀kùn fún?"

Dókítà wọlé, ẹ̀gbà ọwọ́ tirẹ̀ ń tan àwọ̀ ewé. Wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì náà jáde.

Òkè ìgúnpá ni wọ́n ti gé e. Apá ọ̀tún ni, èyí tó fi ń wa ọkọ̀, èyí tó fi kan ilẹ̀kùn.